Níbo Ni Ẹni Tó Gbé Aláìsàn Wá Yóò Sùn?

Ìṣó ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá ní Imeke, ní agbègbè Àgbádárìgì. Baba tó gbà wá lálejò kò tíì bi wá bóyá a ti jẹun tó fi na ọwọ́ sí etí òrùlé rẹ̀, tó fi ìka méjì fa ìṣó kan yọ láìlo òòlù. Ó gbé e lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́. Ìṣó ọ̀hún ti dípẹtà, orí rẹ̀ ti jẹ tán, ara rẹ̀ sì ń bó sí wa lọ́wọ́ bí a ṣe ń yí i wò. “Kò tíì pẹ́ tí a kàn án,” ni baba wí. “Afẹ́fẹ́ òkun ló jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọsibítù síhìn-ín, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ bá gbé.” Ọ̀rẹ́ mi fi ìṣó náà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ló ń ṣe n’Ìbàdàn. Kì í sábà dákẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó dákẹ́.

Ọmọ Imeke kan tó ń gbé òkè òkun ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá wo ilẹ̀ kan, kí ó sì ya ilé ìwòsàn kékeré sí i, ti aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Èmi bá a lọ nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ni mo máa ń kọ, pàápàá ilé tí gbogbo ìlú jọ ni. Ọmọ Ìbàdàn sì ni mí. UCH ni ẹni tó bá dàgbà n’Ìbàdàn fi ń wọn ọsibítù yòókù. Ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i, ibùsùn 500 ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá ti ní wọ́n gbé ẹnì kan dé UCH, àwọn àgbà á ní ó ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ojú yẹn ni mo gbé wá sí etí òkun. Lójú tèmi, ìlú ńlá ni ìlera ń gbé, abúlé a sì máa lọ tọrọ díẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a jókòó tán, ìyàwó baba gbé abọ́ wá. Àwa n’Ìbàdàn, omi gbígbóná la fi ń te ẹ̀bà, ọbẹ̀ ló kù tí yóò fún un ládùn. Níhìn-ín, omi ẹja ni wọ́n ń gbé kaná, pẹ̀lú tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti òróró díẹ̀, wọ́n á wá máa da gààrí sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi dì. Pirọn ni wọ́n ń pè é. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó sì ti dùn lẹ́nu kí a tó fọwọ́ kan ẹja díndín tó wà lórí rẹ̀. Mo yin ìyá náà, ó sì dáhùn pé: “Ẹ tètè jẹ ẹ́ báyìí tó ń gbóná. Bó bá ti tutù, ó ti di nǹkan mìíràn. Nígbà tí ọmọ mi wà ní ọsibítù, òun nìkan ló ń wù ú jẹ, kò sì sí bí mo ṣe lè gbé e débẹ̀ kí ó má ti tutù.”

Èdè Ògù ni wọ́n ń sọ láàrin ara wọn, èyí tí àwa ará òkè máa ń pè ní Ègùn. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn wá, wọ́n á yí i sí Yorùbá láìdúró mí. Yorùbá ti ìyá náà ní ohùn Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Benin nínú, nítorí ọ̀hún ni ìyá tirẹ̀ ti wá. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wà láàrin wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbátan kì í dúró ní ẹnubodè. Ó ní bí ọmọ òun bá ń ṣàìsàn, àwọn ẹbí á ti apá ọ̀hún wá, ẹnì kan ṣoṣo kì í sì í dá wá. Ẹni tó ń sè á wá, ẹni tó ń fọṣọ á wá, ẹni tó kàn fẹ́ jókòó ti ìyá ọmọ náà á wá.

Ilẹ̀ tí a wá wò wà lẹ́yìn àwọn ilé, igi àgbọn ló yí i ká. Lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ bò, àwọn obìnrin kan ń yan gààrí, èéfín wọn sì ń bá atẹ́gùn lọ sí apá kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó ń nu ojú. Ọ̀rẹ́ mi ń na téèpù, àwọn ọmọdé ń bá a di ìdí rẹ̀ mú. Àwọn ìyá ní kí a wá sọ irú ilé tí a fẹ́ kọ́. Ẹnu kì í ṣàlàyé ilé tó bí àwòrán, ni mo bá fa fóònù yọ.

Ilé tí mo kọ́kọ́ fi hàn wọ́n wà ní Tambacounda, ní ìlà-oòrùn Senegal, níbi tí ooru ti máa ń mú ju tiwa lọ. Manuel Herz, ayàwòrán-ilé tó fi Basel ní Switzerland ṣe ibùjókòó, ló yà á fún ọsibítù ìlú náà, ti aboyún àti ọmọdé ni, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2021. Ilé alájà méjì ni, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń tẹ̀ kọrọkọ̀rọ bí a ṣe ń bá a lọ. Búlọ́ọ̀kù olójúhò ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Òrùlé méjì ni wọ́n gbé lé ara wọn, kí ti òkè máa gba oòrùn, kí atẹ́gùn máa gba àárín kọjá. Kí wọ́n tó dáwọ́ lé ilé gan-an, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù náà kọ́ ilé kan láti fi dán an wò, ilé àdánwò ọ̀hún sì di iléèwé fún abúlé kan nítòsí. Èyí wú mi lórí ju ohun yòókù lọ. Ayàwòrán-ilé mélòó ló ń dán ògiri wò kí ó tó fi aláìsàn sí ẹ̀yìn rẹ̀?

Fóònù náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Obìnrin kan tí ìyẹ̀fun gààrí kún apá rẹ̀ wo àwọn ihò ògiri náà pẹ́, ó ní: “Agbọ̀n ẹja nìyí. Omi á jáde, ẹja kò ní jáde.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó sórí àpótí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ nígbà tó lanu. Ó ní ilé náà dára. Ó ní, “Àwọn tó gbé aláìsàn wá ńkọ́? Níbo ni wọ́n máa sùn?”

Ọ̀rẹ́ mi tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ya yàrá kan síwájú, àga tò síbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta. “Ibí ni wọ́n máa jókòó sí, màmá.”

“Jókòó di ìgbà wo, ọmọ mi?”

Ìbéèrè yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Ìyá mi dùbúlẹ̀ rí ní ọsibítù ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Ilé tó dára ni, táìsì rẹ̀ ń dán, gíláàsì ló kún iwájú rẹ̀. Àwa tí a tẹ̀lé ìyá wá kò ní ibì kankan nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, a wà lórí ìjókòó onírin. Lóru, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí títí ọlọ́dẹ yóò fi lé wa síta. Bẹ́ẹ̀, àwa kan náà ni wọ́n máa ń pè ní òru pé kí a sáré lọ ra oògùn, kí a wá ẹ̀jẹ̀, kí a wá bá wọn yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Iṣẹ́ wa wà nínú ọsibítù náà, àyè wa ni kò sí nínú pulánù rẹ̀. Ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti ń bínú sí láti ìgbà náà. Lábẹ́ àtíbàbà Imeke ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lójú mi: orí bébà ni wọ́n ti lé wa síta, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rárá.

Ilẹ̀ Yorùbá sì ti dáhùn ìbéèrè ìyá yìí rí, kì í ṣe lónìí, kì í ṣe lánàá. Ní 1954, ní Aro, l’Ábẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí gbogbo ayé wá wò lẹ́yìn náà. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi yàrá gba àwọn aláìsàn. Dandan ni kí aláìsàn mú ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, wá. Ẹbí náà ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù kí wọ́n tó padà sí abúlé. Lambo kò lé àwọn onísègùn ìbílẹ̀ jìnnà, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí òun àti àwọn ará Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí nípa àrùn ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá, ìwé tó tinú rẹ̀ jáde ní 1963. Lambo gun òkè títí ó fi di igbá-kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tó dùn mí ni pé a ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, ṣùgbọ́n a kì í ya ilé bí ó ṣe yà á.

Àwọn kan ti tún ń yà á báyìí, ní Áfíríkà níhìn-ín. Mo fi àwòrán kejì han ìyá àgbà. Laongo ni, ní Burkina Faso. Ilé-iṣẹ́ Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando, ẹni tó gba Pritzker, ẹ̀bùn àwọn ayàwòrán-ilé, ní 2022, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún, ló yà á, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2014. Ibi ìtọ́jú eyín wà nínú rẹ̀, ti aboyún wà, ti àìsàn gbogbo wà, àgbàlá oníbòòji sì wà láàrin wọn fún àwọn tó tẹ̀lé aláìsàn wá. Àwọn fèrèsé rẹ̀ ni ìyá náà ń fọwọ́ tọ́ka sí. Wọn kò dọ́gba. Òmíràn ga fún ẹni tó dúró, òmíràn wà níwọ̀n ẹni tó jókòó, òmíràn rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó wà lórí ibùsùn lè máa wo ìta láìgbé orí. Ní Butaro, ní Rwanda, nínú ọsibítù tí ilé-iṣẹ́ MASS Design Group yà, tí wọ́n ṣí ní 2011, wọ́n yí àwọn ibùsùn kọjú sí fèrèsé kí aláìsàn má baà máa wo ìnira aláìsàn mìíràn lójú. “Ẹni tó ya èyí ti dùbúlẹ̀ àìsàn rí,” ni ìyá àgbà wí. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ó ti jókòó ti aláìsàn rí.

Ní òwúrọ̀, a lọ sí Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, sí Marina, láti wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845. Ibà ń pa òyìnbó bí nǹkan mìíràn ní etí òkun yìí láyé ìgbà yẹn, wọ́n sì gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń ti inú àbàtà jáde ló ń fà á. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí i ní India pé ẹ̀fọn ni. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń sá fún kò jẹ̀bi, kódà ó lè ṣe aláìsàn láǹfààní. Ní 2007, àwọn olùwádìí tó wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí nínú ọsibítù mẹ́jọ ní Lima, ní Peru, gbé èsì wọn jáde: yàrá àtijọ́ tí àjà rẹ̀ ga, tí fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀, ń dènà ikọ́ ife ju yàrá ìgbàlódé tí wọ́n fi ẹ̀rọ darí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ. Mo rò ó bí a ṣe ń wo ọ̀sà láti ojú fèrèsé òkè. Ẹ̀rọ amúlétutù la fi ń mọ ọsibítù gidi báyìí, bí iná bá sì lọ, inú ilé onígíláàsì wọ̀nyẹn kò ṣeé mí.

Ọ̀rẹ́ mi ta kò mí lójú ọ̀nà, ó sì tọ́ kí ó ta kò mí. Ó ní kì í ṣe gbogbo yàrá ló yẹ kí atẹ́gùn máa gbà kọjá. Ó rán mi létí oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí Ebola ti Liberia wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló kó o ní orílẹ̀-èdè wa, 8 kú nínú wọn, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde kúrò ní ọsibítù, wà lára wọn. Ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer’s, l’Ẹ́dẹ, wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ l’Ẹ́dẹ tún ka odindi àbùdá kòkòrò àrùn Kòrónà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Áfíríkà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ yàrá tó pa dé, fìríìsà tí iná rẹ̀ kì í kú, àti ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni. “Ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ la wà yìí,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. “Ohunkóhun tó bá sọdá, ibí ló máa kọ́kọ́ gbà kọjá.” Ó fẹ́ yàrá àdádó kan sí apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má padà sórí àwọn yòókù. Mo fara mọ́ ọn.

Bí mo ṣe ń ro ti Ẹdẹ, mo tún ń wo Imeke bí ibi tó jìnnà sí ìwádìí, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá ọlọ́mọ kan wá kí wa, ó mú káàdì ọmọ rẹ̀ yọ láti inú ọ̀rá dúdú tó ká lẹ́ẹ̀mẹta. Etí káàdì náà ti gbó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Àwọn àmì tí nọ́ọ̀sì fi bírò ṣe wà níbẹ̀, oṣù dé oṣù, wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Níbì kan, ìlà náà wálẹ̀. Ó fi èékánná tọ́ka sí i: “Ìgbà tí ó yàgbẹ́ gbuuru nìyí.” Ó tún tọ́ka sí ibi tó ti gòkè padà, ó sì wo ojú mi kí n lè yọ̀. Mo yọ̀. Irú káàdì yìí, tó ti dé ọwọ́ àwọn ìyá káàkiri ayé, Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild n’Iléṣà láti 1956 sí 1961, ti ń wọn àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kò sí ilé gíláàsì ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìwọ̀n wà, bébà wà, àwọn ìyá tó ń padà wá wà.

Lóru, iná kò sí ní ilé baba, ooru kò sì mú wa. Ògiri yàrá tí wọ́n fún wa kò kan òrùlé. Àlàfo kan yí i ká lókè, atẹ́gùn ń gbabẹ̀ wọlé, ó ń gba òdìkejì jáde. Ẹ̀fọn náà mọ ọ̀nà ọ̀hún, àwọ̀n ẹ̀fọn ló gbà wá. Nígbà tí mo lajú, ọ̀rẹ́ mi ti dúró sórí àga, ó fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó ń fi téèpù wọn àlàfo náà.

Kí a tó kúrò, ó ti tún pulánù yà. Ìlà àga mẹ́ta ti lọ. Àtíbàbà gígùn kan ti wà níbẹ̀, tí wọ́n yóò fi símẹ́ńtì gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè kí ẹní má baà tutù, pẹ̀lú omi, ilé ìwẹ̀, àti àdògán mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí owó lè tó o, ibùsùn méjì ni ó yọ kúrò nínú ilé. Ìyá àgbà wo bébà náà, ó béèrè ibi tí òkun wà lórí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé àdògán lọ sí òpin kejì, nítorí ibi tó yà á sí, wọ́ọ̀dù ni èéfín yóò máa wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi pa á rẹ́, ó tún un yà níṣojú rẹ̀.

Ó pe ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, ó sì tú ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ṣàlàyé fún un. Ọkùnrin náà kò fara mọ́ yíyọ ibùsùn. Ó ní ibùsùn ni àwọn tó ń dáwó yóò kà, wọn kò ní ka àtíbàbà. Ó ní àwọn ẹbí kò gbọ́dọ̀ sọ ọsibítù di agbo ilé, ẹnì kan ti tó fún aláìsàn kan.

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Ògù fún ìyá àgbà. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù wá sí òun lẹ́nu. “Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ bí ọ,” ni ó wí fún un ní Yorùbá, kí àwa náà lè gbọ́, “àwa méje la wà níbẹ̀. Èwo nínú wa ni ò bá lé lọ?”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dáhùn. Ó kí ìyá, ó pè é ní orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é níbẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi pé èló ni àtíbàbà náà yóò jẹ́ bí wọ́n bá kọ́ ọ tán kí wọ́n tó kọ́ wọ́ọ̀dù.